Fóònù Tó Ń Tan Fáànù Ilé Adìyẹ

Ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru ilé adìyẹ, tó sì ń tan fáànù bí ooru bá pọ̀, ló ti ṣì í lò. Wọ́n ní kó gbé e kọ́ láàárín àwọn adìyẹ; ó tì í bọ àpò ẹ̀wù, ó sì lọ dúró ti iná ìdáná. Ooru ọbẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wọ̀n. Gbogbo fáànù ilé adìyẹ tàn fúnra wọn, àwọn adìyẹ sì kóra jọ sí kọ̀rọ̀ kan bí ẹni tó gbọ́ ọ̀fọ̀.

Ó ní ẹ̀rọ náà ò dáa. Ẹ̀rọ dáa, ibi tó wà ni kò dáa.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú un rà á, bí àwọn aládùúgbò ṣe ń wí. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ bá gbé. Ìyá Ìbejì ń ránṣọ nígboro, òkè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà ló ń sùn, ó sì ti sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé, "Mi ò lè máa bá adìyẹ jowú ọkọ. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa bọ̀. Tẹ́ ò bá bọ̀, ẹ jẹ́ n mọ̀."

Nígbà tí ẹ̀rọ wá ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, tó fi jẹ́ pé orí fóònù ló ti ń tan fáànù, ó fi alágbàṣe sídìí omi àti oúnjẹ adìyẹ, ó di ẹrù, ó lọ bá a. Ṣùgbọ́n ilé ló wà, oko lojú ń wò. Bí ìyàwó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, fóònù á ké pé ooru ti mú adìyẹ, ọkọ á tẹ̀ ẹ́, á ní, "Kí lo wí?"

Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ̀, fóònù ké. Nígbà tó jáde, ìyàwó ti tẹ̀ ẹ́.

"Kí lo tẹ̀?"

"Fáànù. Ooru ti mú wọn."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ṣé èyí náà le ju fífi òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ ni?"

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ló ń dá fóònù lóhùn. Kò pẹ́ tó fi ń pe àwọn adìyẹ ní "àwọn ọmọ mi". Ó wá ní fóònù ò lè sọ bóyá ara ń dá wọn. Òun á lọ fojú ara òun rí wọn, òun á sì padà lọ́la. Ó fi fóònù náà sílẹ̀ fọ́kọ. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì pè é. "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ẹ pa fáànù apá òsì ná, ó ń fẹ́ jù."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Mo gbọ́. Ẹ pa á."

Ó pa á. "Ṣé kí n wá bá ọ lóko ni?"

"Ta ni yóò wá máa wo fóònù? Ẹ̀rọ yín ní ọ̀pá tó fi ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òrùlé. Àwa ò ní. Orí òkìtì ni mo dúró sí báyìí kí n tó lè gbọ́ yín. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ ń gbìyànjú."

Wọn ò jà, wọn ò sì kọra wọn sílẹ̀. Títí di ìgbà tá a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, Bàbá Ìbejì wà nígboro, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí ìyàwó ti tì pa, ó jókòó ti fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ wà lóko.