Tòmátì Nínú Ọbẹ̀ Dúdú

Nọ́ọ̀sì Bọ́lájí Àjíkẹ́, ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, Ìjẹ̀ṣà òṣèré, ọmọ onílé obì. Ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ tí kì í kánjú fọwọ́ kan ẹni tó ń bẹ̀rù. Èmi tí mo dàgbà jù ọ́ lọ ló wá kù tí mò ń ròyìn rẹ.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà mí fún nílé ìwòsàn kékeré wa ní Oregbeni, tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Nọ́ọ̀sì ló ń fi lúùpù sílé ọmọ fún àwọn obìnrin tó fẹ́ sinmi ọmọ bíbí. Oògùn ìrora kì í sábà sí. Rọ́bà omi gbígbóná tí à ń gbé lé wọn nísàlẹ̀ ikùn la ní, àti ẹnu. Nọ́ọ̀sì kì í parọ́ fún wọn. "Á dùn ẹ́ díẹ̀. Bó o bá ní kí n dúró, mo dúró."

Itohan wá láti Upper Sakponba. Ó ti bí márùn-ún, èyí tó bí kẹ́yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí Nọ́ọ̀sì dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sunkún pé òun ò lè fara dà á, òun ò sì gbọdọ̀ lóyún mọ́.

Nígbà tó gorí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kẹta, Nọ́ọ̀sì ké sí mi: "Màmá Ṣọlá, ẹ ju ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ wá di ọwọ́ ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ wo? Ọbẹ̀ dúdú àwọn ará ibí ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní ṣebí tòmátì ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò lóòótọ́.

Itohan gbórí sókè. "Tomato? For black soup? Mama, who teach you?"

"Na six tomato," ni mo wí.

"Abeg! Na bitter leaf, na scent leaf! You wan kill your husband?"

"E don die."

"I no surprise!"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti wọlé. Ó ti parí."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá gorí bẹ́ẹ̀dì, mo ti da tòmátì sí ọbẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ní ká dúró, a dúró. Àwọn tó pọ̀ jù ń bá mi jà títí a fi ṣe tán ni. Kò pẹ́ tí gbogbo Upper Sakponba fi mọ̀ pé màmá Yorùbá ilé ìwòsàn ò mọ ọbẹ̀ sè. Nínú ìwé ilé ìwòsàn, agbálẹ̀ ṣì ni mí.

Nígbà tí àìsàn dá Nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n wá iṣan ọwọ́ ẹ̀ títí, wọn ò rí ibi gún. Ó na ọwọ́ kejì sí mi.

"Màmá Ṣọlá, tòmátì mélòó?"

"Mẹ́fà ni, Nọ́ọ̀sì."

Ó rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ wọlé.

Èmi ni mo se ọbẹ̀ dúdú ọjọ́ ìsìnkú Nọ́ọ̀sì. Itohan tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó wá tẹjú mọ́ mi. "Mama. So you sabi cook am."

Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n sè.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀sán la sin Nọ́ọ̀sì.