Bàbá Tó Gbé Bàtà Há Abíyá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù, kí ẹ lè gba ìyókù gbọ́. Ẹni tó fẹ́ purọ́ kì í sọ ara rẹ̀ di òmùgọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èmi ni mo to ìwé ìjọba bí ẹni to aṣọ lórí àtẹ.

Aṣọ ni mo ń tà tẹ́lẹ̀ lọ́jà Banjul, bí ọ̀pọ̀ àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjà ò lọ mọ́, Àǹtí Rèmí gbà mí síṣẹ́. Ọmọ Akú ni, ìran àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown láyé àtijọ́, òun sì ni ọ̀gá níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba pamọ́ sí. Èmi á gbálẹ̀, èmi á gbé ìwé fún ẹni tó bá béèrè. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n apá mi le.

Kò tíì pẹ́ tí ìlú bọ́ orúkọ Bathurst sílẹ̀ tó di Banjul. Òjò ọdún yẹn pọ̀ débi pé ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wẹ̀ lábẹ́ ibùsùn mi ní Campama. Omi wọ yàrá ìwé, ó mu pẹpẹ ìsàlẹ̀. Àǹtí Rèmí ní kí n kó ti ìsàlẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà. Èmi alákíkanjú, gbogbo rẹ̀ ni mo kó jáde, títí kan ti òkè tó gbẹ. Ìgbà tí mo fẹ́ kó wọn padà, ọwọ́ aláṣọ yún mi. Mo to ìdì tó nípọn sísàlẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ sókè, mo kó àwọn eléèpo ẹ̀yìn pupa síwájú kí wọ́n lè fa ojú oníbàárà. Ó dùn ún wò, ẹ gbà mí gbọ́.

Àǹtí Rèmí wọlé, ó di orí mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Ó lẹ́wà, àbí ẹ̀yin ò rí i?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá là mí lóye pé bí akọ̀wé tó ni ìwé bá ṣe tò ó ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, torí ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ló ń sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ikán ti jẹ àkọlé ara wọn. Ipò wọn lórí pẹpẹ nìkan ni àmì tó kù.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé ni àlejò ń bọ̀, àwọn olùtọ́jú ìwé láti Freetown, Dakar, Accra àti Ìbàdàn. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé ọwọ́ kan á máa wẹ èkejì: Dakar á mú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé wá, Accra á kọ́ wa bí a ṣe ń tún èyí tó ya ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Accra gan-an ti kọ̀wé pé Banjul ò lè tọ́jú nǹkan, kí wọ́n kúkú kó gbogbo rẹ̀ lọ sí London.

"Bí wọ́n bá bá a báyìí, wọ́n á kó o lọ," Àǹtí Rèmí sọ. "A ò sì ní rí i mọ́." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ pé àwọn ẹni àìrí wọ̀nyẹn kì í dúró de òru, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń rìn. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀rín.

Gbogbo ọ́fíìsì ti lọ kírun. Làmín tó ń ṣọ́ géètì gbé ṣágo omi rẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró ti àwọn ìyàwó yín o, oníwèé."

Mo dá wà. Mò ń wo ìwé, ìwé ń wò mí. Afẹ́fẹ́ dúró. Yàrá tutù lójijì bí inú kànga.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan pòṣé.

Mo yíjú. Bàbá arúgbó kan dúró nídìí pẹpẹ. Ó wọ kóòtù funfun, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì há abíyá. Ilẹ̀ ṣì rin. Ẹsẹ̀ tèmi ní ipa níbẹ̀. Tirẹ̀ ò ní.

Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé mo fọwọ́ pa ọ̀nì lẹ́yìn ní Bakau! Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà oúnjẹ ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Bàbá na ìka sí ìdì kan, ó tún na án sókè. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lédè tó jọ ti Àǹtí Rèmí: "Ibẹ̀ kọ́. Ibí."

Mo gbé e. Ẹ̀yin ìbá kọ̀ ni? Bí mo bá gbé e síbi tí kò tọ́, á pòṣé. Bó bá tọ́, á mi orí. Nígbà tó yá, òógùn iṣẹ́ borí òógùn ìbẹ̀rù. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ìdì tó kẹ́yìn wọlé.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Kò sí ẹnikẹ́ni.

Mo sọ fún Àǹtí Rèmí pé mo tún un tò ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àpá omi lára ti ìsàlẹ̀: ó gún láti ìdì dé ìdì bí okùn kan ṣoṣo. Ti ìsàlẹ̀ dára. Ti òkè tí omi ò kàn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́ Ajé pé. Àgbàlagbà tó ti Freetown wá ní láyé ọjọ́un, Freetown ni wọ́n ti ń ṣàkóso Banjul, torí náà bí ìwé bá wà níhìn-ín, èsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ó mọ tiwọn lórí.

"Lẹ́yìn èyí," ó ní, "ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ló yẹ kó tẹ̀ lé e."

Àǹtí Rèmí ṣí i. Ẹ̀pà ni.

"Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ èbúté."

Èbúté ni! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gùn ún dé pẹpẹ òkè pátápátá, ẹyọ kan ò yẹ̀. Obìnrin Dakar pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin Accra fúnra rẹ̀ dìde, ó ní òun kó ọ̀rọ̀ London jẹ. Ìwé ò lọ síbì kankan mọ́! Ẹ̀rọ ń bọ̀! Àǹtí Rèmí jó yí pẹpẹ ká, ó dì mọ́ mi tòógùn tòógùn. Ariwo ayọ̀ wa dé òpópó.

Ayọ̀ yẹn ló tú mi lẹ́nu. Mo fa ọ̀gbẹ́ni Ìbàdàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ fún un ní Yorùbá pé bàbá kan tó wọ kóòtù funfun ló tò ó, ọwọ́ lásán lèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mu nǹkan ni?" Ọ̀dàlẹ̀ ọkùnrin! Ó sọ ọ́ sókè fún gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àgbàlagbà Freetown nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kí n tó sọ ohun tó wí, ẹ gba ìkìlọ̀ mi. Bí ẹ bá wọ ibi tí ìwé àtijọ́ wà lọ́sàn-án gangan, ẹ kí ilé, kódà bí ẹ ò bá rí ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì tún nǹkan ẹlòmíì tò torí ẹwà. Títí dòní, mi ò lè sọ ohun tí mo rí.

Àgbàlagbà Freetown sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ó gbé bàtà há abíyá?"

Mi ò sọ̀rọ̀ bàtà fún ẹ̀dá kankan. Mo kàn mi orí ni.

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó rí ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù.

"Tiwa ni. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí a ò gbọ́ òṣé rẹ̀ nídìí pẹpẹ wa mọ́. Bó bá tún yọjú, ẹ bá mi sọ fún un pé a ti fi í yá yín tó. Kó máa bọ̀ nílé, iṣẹ́ ń dúró dè é."