Kí Lẹ Ń Ṣe Kí Ẹ Tó Di Kóòṣì?

Bátọ̀n wa tún já bọ́ ní Ìwàrẹ́, ojú pírínsípà tuntun ló sì ṣe. Bátọ̀n ni igi kékeré tí àwọn mẹ́rin tó ń sá eré rílè máa ń fà lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ á gbé e sáré dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ẹnì kejì á gbé e fún ẹnì kẹta, títí ẹnì kẹrin á fi gbé e dé òpin. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Tiwa kì í sì í ṣe bíbọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ọdọọdún ló ń bọ́, débi pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ti sọ wá lórúkọ. "Àwọn Ajábọ́ ti dé o!" ni wọ́n máa ń fi kí wa.

Pírínsípà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igi náà nílẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó wá bi mí pé, "Ìyá Tóbi, báwo ni pápá wa ṣe fẹ̀ tó?"

"Ó fẹ̀ dáadáa, sà."

"Ẹ̀gẹ́ á ṣe dáadáa níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Mọ́ńdè, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń gbá èèkàn mọ́ àárín pápá. Pírínsípà ní òun fún wa láyè lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn ìdíje tó ń bọ̀ ní Awẹ́. Bí bátọ̀n bá tún bọ́ níbẹ̀, pápá di oko. Inú bí mi gan-an. Ní gbogbo Ìlóra, ibẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọbìnrin wa ti lè sáré láìjẹ́ pé ọlọ́kadà kan ń fọn fèrè sí wọn lẹ́yìn.

Ẹ má rò pé eléré ni mí o. Ẹ̀kọ́ nípa ìlera ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá, pírínsípà ìgbà náà wo ẹsẹ̀ gbogbo tíṣà yíká, èmi nìkan ni mo wọ bàtà pẹlẹbẹ. Báyìí ni mo ṣe di kóòṣì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé àwọn kóòṣì, mo rò pé àwọn tó ti sáré fún orílẹ̀-èdè ni màá bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní àrùn kan lára, ìtọpinpin ni. N kò lè jókòó ti èèyàn kí n má bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Wọ́n ń bó ọsàn jẹ lábẹ́ igi, mo sún mọ́ kóòṣì Awẹ́, ọkùnrin dúdú kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ ń ṣe kí ẹ tó di kóòṣì?"

"Bíríkìlà," ló wí. "Irin róbótó tí àwọn ọmọ ń jù nínú ìdíje yẹn, ẹ̀yin rí irin, èmi rí búlọ́ọ̀kù. Mo ti ju búlọ́ọ̀kù sí ẹni tó wà lókè pákó títí ọwọ́ mi fi le. Ẹni tó bá fi apá nìkan jù ú, apá ẹ̀ á yẹ̀. Láti ìdí ni agbára ti ń wá."

Kóòṣì Ìwàrẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ télọ̀. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fi ẹsẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Mo wá mọ ìdí tó fi máa ń dúró létí pápá, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ wọ̀ọ́rọ̀wọ́, tó sì ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Òwú ń já o! Má jẹ́ kí òwú já!" Gbogbo wọn ló ń gbẹ́sẹ̀ bákan náà, wọn kì í yára jù, wọn kì í falẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń gba ipò kìíní.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Tóbi?" ni wọ́n wá bi mí.

"Tíṣà ni mí látìbẹ̀rẹ̀."

Ni bíríkìlà bá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n bí mọ́ yín?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà. N kò purọ́ fún wọn, ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà ni mo sọ.

Mo bi pírínsípà náà léèrè tiẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá èèkàn. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, kì í sì í bínú sí ìbéèrè mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ará Ìmínì. Ó ní, "Lọ́dọ̀ wa, bí ilẹ̀ bá wà lásán, wọ́n á ní ẹni tó ni ín ti kú. Bí mo bá ń kọjá lára pápá yẹn láràárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kí yín kú ọ̀fọ̀." Lẹ́yìn ọjọ́ náà, n kò lè kórìíra rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ náà.

Rùkáyà ni ìṣòro wa, Rùkáyà náà sì ni ọmọ tó yára jù. Òun ni ẹnì kẹta nínú àwọn tó ń sá rílè. Fọlákẹ́ ló máa ń gbé bátọ̀n fún un, ọmọ kíláàsì tó ga jù lọ, ẹ̀gbọ́n sí i dáadáa. Bí Fọlákẹ́ bá ti ń sáré bọ̀, Rùkáyà á yíjú sí i, á dúró gbagidi, á na ọwọ́ méjèèjì. Fọlákẹ́ á rọ́ lù ú, igi á fò lọ. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. "Máa lọ! Máa lọ!" Bí mo bá pariwo, á gbéra, ṣùgbọ́n á tún yíjú padà, á tún dúró. Àárín èèkàn la ti ń ṣe gbogbo èyí, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ á sì jókòó sábẹ́ igi, á máa wò wá bí ẹni tó ń dúró de ogún.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí a dé Fìdítì, awakọ̀ dẹ ìrìn nítorí gegele ojú títì, àwọn tó ń ta ọ̀pẹ òyìnbó sì sáré bò wá. Mo ra ẹyọ kan. Kí n tó tú etí ìró mi kí n yọ owó, mọ́tò ti gbéra. Obìnrin tó ta á fún mi kò pariwo, kò sì fa mọ́tò mú. Ó kàn ń bá wa sáré lọ ni. Ojú rẹ̀ wà níwájú, kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló là sílẹ̀ lẹ́nu fèrèsé mi, kò mì. Mo fi owó sí i, a kọjá.

Orí mi wú. Ọwọ́ mi ni mo rí yẹn. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi parí girama, ẹ̀bá títì yẹn gan-an ni mo wà. Ìyá mi ló ń tà, èmi ni mò ń sáré. Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ sọ fún mi nìyí: "Má dúró de mọ́tò o, mọ́tò ò ní dúró dè ọ́." Wọ́n ní kí n ti gbéra kí fèrèsé tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n máa wo iwájú kí mọ́tò mìíràn má baà pa mí, kí n jẹ́ kí ọwọ́ dúró sójú kan, oníbàárà ló máa wá a rí. Mo bú sẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, èmi nìkan. Ìyá tó jókòó tì mí fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti bi gbogbo èèyàn léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe rí, kí n sì gbàgbé tèmi. N kò kà á sí iṣẹ́ ni. Ohun tí a fi ń jẹun lásán ni mo pè é.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ọ̀pẹ òyìnbó kan dání, mo wọ ọ́fíìsì pírínsípà.

"Sà, mo fẹ́ yá mọ́tò yín."

"Láti lọ síbo?"

"Pápá. Ẹ̀yin lẹ sì máa wà á."

Ó wò mí, ó wo ọ̀pẹ òyìnbó. Mo rí i lójú rẹ̀ pé àrùn ìtọpinpin tèmi ti ràn án. Ó mú kọ́kọ́rọ́.

Fúnmiláyọ̀ ni ẹnì kẹrin, ẹni tó ń gbé bátọ̀n dé òpin. Mo fi í sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo ní kó yí gíláàsì wálẹ̀, kó mú bátọ̀n dání bí ẹni mú owó. Mo ní kí pírínsípà máa rọra wà á lọ, kó má ṣe dúró, bó ti wù kí n pariwo. Mo so gèlè mọ́ ìdí. Kí mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti gbéra. Nígbà tí fèrèsé bá mi dọ́gba, mo ti ọ̀pẹ òyìnbó wọlé, mo la ọwọ́ sílẹ̀, Fúnmiláyọ̀ fi bátọ̀n sí i, mọ́tò kọjá. Gbogbo pápá hó yèè. Orúnkún mi náà ké, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló gbọ́ tiẹ̀.

"Mà! Níbo lẹ ti kọ́ ìyẹn?"

"Ní ẹ̀bá títì Fìdítì. Ọ̀pẹ òyìnbó ni mo ń sáré tà kí n tó di tíṣà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Rùkáyà ò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Mà, èmi náà ń tà á."

"O ń ta kí ni?"

"Ọ̀pẹ òyìnbó, mà. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mò ń gbé níbí, Fìdítì ni ìyá mi wà. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ bá a tà. Mo mọ ohun tí ẹ ṣe yẹn."

"O mọ̀ ọ́n! Kí ló wá dé tí o máa ń dúró de bátọ̀n?"

Ó wo Fọlákẹ́, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mà. Ṣé kí n wá kẹ̀yìn sí wọn, kí n na ọwọ́ kan sí wọn?"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ojú àgbà la sì ń kọ sí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pariwo mọ́ ọn, ẹ̀kọ́ ilé ló ń dá a dúró. Mo ti fi ìbéèrè yọ gbogbo kóòṣì ìjọba ìbílẹ̀ wa lẹ́nu, n kò bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè ohun tó ń ṣe nílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Àwọn oníbàárà inú mọ́tò ńkọ́?" ni mo bi í. "Ṣé wọn kì í ṣe àgbà ni?"

"Mọ́tò ń lọ ni, mà."

"Bátọ̀n náà ń lọ ni."

Fọlákẹ́ dá sí i. Ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí bí ìyá ọkọ. "Rùkáyà, mo yọ̀ǹda fún ẹ. Kẹ̀yìn sí mi dáadáa. Bí o bá tún yíjú sí mi, ìgbà yẹn gan-an lo rí mi fín."

Ọjọ́ náà ni wọ́n rí i ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí a kò bá nílò mọ́tò, pírínsípà fúnra rẹ̀ á yọjú nírọ̀lẹ́. "Ṣé ẹ ò ní lo mọ́tò lónìí?" Àwọn ọmọ á fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ní Awẹ́, mo lọ dúró sí ibi tí Fọlákẹ́ ti máa pàdé Rùkáyà. Wọ́n yìnbọn, wọ́n gbéra, Fọlákẹ́ gba tirẹ̀, ó ń bọ̀. Rùkáyà kẹ̀yìn sí i. Ó gbéra kí Fọlákẹ́ tó dé, ojú rẹ̀ wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ là sílẹ̀ lẹ́yìn, kò mì. Igi wọ inú rẹ̀ bí owó. Ó kọjá ẹni méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ Fúnmiláyọ̀. Ipò kejì la gbà. Àwọn ọmọ télọ̀ ló ṣáájú wa, òwú wọn kò já rárá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣe ipò kìíní, nítorí pírínsípà ń fò sókè, fìlà rẹ̀ ti bọ́, ó ń pariwo pé, "Kò bọ́! Kò bọ́ o!"

Ó yíjú sí tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀. "Ẹ bá mi yọ àwọn èèkàn yẹn kúrò nínú pápá."

"Ẹ̀gẹ́ wa wá ńkọ́, sà?"

"Ẹ wá ibòmíràn fún un. Ẹni tó ni ilẹ̀ yẹn ò tíì kú."

Mo sunkún, ojú ò sì tì mí. Mo fẹ́ mọ ìyá tó kọ́ ọmọ ní irú ọwọ́ yẹn, nítorí náà, nígbà tí mọ́tò já àwọn yòókù sílẹ̀ ní Ìlóra, n kò sọ̀ kalẹ̀. Èmi àti Rùkáyà jọ ń lọ sí Fìdítì. Nígbà tí a dé ibi gegele, awakọ̀ fẹ́ dúró.

"Ẹ má dúró, sà," ni Rùkáyà wí. "Ẹ máa rọra lọ."

Ó ṣí fèrèsé. Àwọn obìnrin ti ń sáré bọ̀, ọ̀kan wà níwájú wọn, àtẹ wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú títì, kò mọ ẹni tó wà nínú mọ́tò. "Ọ̀pẹ òyìnbó rè é o! Ó dùn!" Rùkáyà na ọwọ́ síta, ó fi mẹ́dàlì tó gbà ní Awẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ tó ti là sílẹ̀, a sì kọjá.

Mo yíjú wo ẹ̀yìn. Obìnrin náà ti dúró, àwọn mọ́tò mìíràn ń kọjá lára rẹ̀, kò kà wọ́n sí. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé irú owó wo ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó rí orí ọmọ rẹ̀ lójú fèrèsé, ó gbé àtẹ sọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.