Ìyá Tó Fi Ọmọ Rẹ̀ Ṣe Nọ́ńbà Tuu

Òórùn ẹ̀wù òjò tó rin gbingbin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ka ìbò káńsù ìlú Dublin lọ́dún náà, òórùn kọfí sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Oṣù kẹfà ni o, oṣù tí wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn ni níbí, ṣùgbọ́n ìwọ náà kúkú mọ ẹ̀ẹ̀rùn Ireland: òjò á máa rọ̀ lé ọ lórí, ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ á ní ojú ọjọ́ dára. Tábìlì lọ bẹẹrẹ láti ògiri kan dé èkejì. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó tì wọ́n, wọ́n ń tú ìwé ìbò jáde látinú àpótí, wọ́n ń nà án, wọ́n ń tò ó. Irin kéékèèké ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí wọn ká. Àwa tí a wá ṣojú àwọn olùdíje fara ti irin yìí, a na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ mọ iye ẹran tó kù nínú ọbẹ̀ onílé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo ìwé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nà, kí n lè mọ bí nǹkan ṣe ń lọ kí wọ́n tó kéde. Wọ́n ní ojú mi yá, nítorí nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú báàgì ní pápákọ̀ òfurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa ni a ń tì lẹ́yìn. Àbúrò ni mò ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni, Ballymun, àdúgbò kan ní Dublin níbí, ló sì ti dàgbà, láti nǹkan bí ọdún 2000 tí ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ wá sí ìlú yìí láti tọrọ ààbò. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ tí o bá bá a sọ ọ́, òyìnbó àwọn ọmọ Dublin ni yóò fi dá ọ lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti gbé àpótí lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò díẹ̀. Ẹkún tó sun nínú mọ́tò mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kí ó tún un sun mọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ẹ̀ẹ̀kejì ló ti sọ fún mi pé, “Aunty, this is the last time. If they don't want me, grand, I'll go back to my patients.” Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ṣeré. Ṣé o rí i, kì í ṣe ipò ló ń dun ọmọ náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú tó tọ́ ọ dàgbà gbà pé ọmọ òun ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dìbò níbí kò jọ ti ilé. Nílé, a ó tẹ̀ka sí ẹyọ ẹnì kan, ó parí. Níbí, nọ́ńbà là ń kọ. Ẹni tó wù ọ́ jù lọ, kọ 1 síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e, kọ 2. O lè kọ ọ́ títí ọwọ́ á fi ro ọ́. Bí ẹni tí o fún ní 1 bá já, tàbí tí ìbò tirẹ̀ bá kún kọjá ìwọ̀n tí ó nílò, ìbò rẹ á ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹni tí o fún ní 2. A ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún àwọn ará ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sójú pátákó: nọ́ńbà wáànù, ọmọ wa. Àwọn ìyá àgbà ń mi orí, wọ́n ń ṣe “ẹ ṣeun, ó ti yé wa.” Mo padà sílé mi ní Phibsborough lọ́jọ́ náà, mo sùn fọnfọn.

Àfi bí wọ́n ṣe ṣí àpótí Ballymun, níbi tí ìjọ wa wà. Ìwé àkọ́kọ́ tí ojú mi bà, 1 wà níwájú orúkọ Bàbá Káńsẹ́lọ̀, 2 wà níwájú orúkọ Àbúrò, kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Mo ní kò burú, ẹnì kan ni. Èkejì tún jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta náà. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú òtútù. Bàbá Káńsẹ́lọ̀ yìí, ará Ireland ni, arúgbó onífìlà tó ti wà nínú káńsù tipẹ́tipẹ́. Kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Àdúgbò kan náà ni òun àti Àbúrò ti ń díje, ẹni bíi mélòó kan ló ń wọlé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé bàbá náà yóò wọlé bó tilẹ̀ sun oorun rẹ̀ nílé. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wáànù rẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa gan-an ló wá ń dà á lé e lórí yìí.

Mo sáré lọ bá Àbúrò, mo sọ ohun tí mo rí. Kò bá mi jiyàn rárá. Ńṣe ló yíjú sí ìyá rẹ̀, tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Mam, what did you tell them?”

“Òtítọ́ ni mo sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n fi Bàbá ṣe nọ́ńbà wáànù, kí wọ́n fi ìwọ ṣe nọ́ńbà tuu.”

“Mam! It's not a queue for rice!”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìrẹsì? Ìwọ fẹ́ ṣíwájú ẹni tó fà ẹ́ lọ́wọ́ wọ ilé ìwé? Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.”

Mo bọ́ sí i. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbò lèyí, kì í ṣe ìkíni.”

“Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìbò ò gbọdọ̀ ní ẹ̀kọ́?”

Òtítọ́ ni pé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ilé ìwé kan lẹ́yìn òmíràn ń sọ fún ìyá yìí pé kò sáyè fún ọmọ rẹ̀, Bàbá Káńsẹ́lọ̀ ló dé fìlà rẹ̀ tó bá a lọ, tó sì jókòó ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé títí àyè fi yọ. Ìyá náà kò gbàgbé. Lẹ́yìn tí mo ti parí àlàyé mi lójú pátákó, ó ti bọ́ sí kíṣìnnì ìjọ, ó sì ti ṣe àlàyé tirẹ̀ nídìí ìkòkò. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Àwọn obìnrin tí kò lè bu òkèlè kí àgbà tó bù ú, báwo ni ọwọ́ wọn ṣe máa gbà láti kọ wáànù fún ọmọ tí wọ́n pọ̀n, kí wọ́n kọ tuu fún bàbá arúgbó? Inú bí mi gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nínú ìbínú yẹn náà, ẹ̀rín ń pa mí, mo ní láti yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n kéde ìkà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí a ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ ti gbàdúrà títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá Káńsẹ́lọ̀ ló gba ipò kìíní. Ìbò tirẹ̀ kún, ó sì ṣàn dànù. Àbúrò wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni méjì péré ló tẹ̀ lé e. Obìnrin ará Ireland kan wà tó ń bá wa ṣiṣẹ́, aládùúgbò mi ni, ó ti mọ ìdí ìbò kíkà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó wo pátákó èsì, ó mi orí, ó ní, “Ah, God love her.” Nígbà tí o bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn, o mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Àbúrò lọ dúró sójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo òjò. Kò sunkún. Ì bá tiẹ̀ sunkún, ì bá rọrùn fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ fà mí láṣọ. Ojú rẹ̀ tó le láná ti rọ̀ pátápátá. Ó rọra bi mí pé, “Ṣé mi ò ti ba ọmọ mi jẹ́ báyìí?”

Mo ní, “Rárá o, Mummy. Ìkà ṣì kù.” Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí.

Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ pé àwọn fẹ́ pín ìbò tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n kó ìwé tirẹ̀ padà sórí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n kọ ní èkejì. Mo padà sídìí irin mi. Òkìtì ti Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Mo mọ ìwé àwọn ènìyàn wa, nítorí ìyá náà sọ wáànù àti tuu fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró. Mo rò pé ìwé wọn nìkan ni màá rí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń bọ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà láti òkè délẹ̀, 3, 4, 5, 6, bí àwọn ará Ireland tó gbádùn ìdìbò ṣe máa ń kọ ọ́. Bàbá lókè, Àbúrò ṣìkejì. Ọ̀kan. Òmíràn. Òkìtì náà ga ju gbogbo ìjọ wa lọ, bí a bá tiẹ̀ ka àwọn ọmọ ọwọ́ mọ́ ọn. Aládùúgbò mi bi mí pé, “Where in God's name are they coming from?” Èmi gan-an, ìbéèrè tí mò ń bi ara mi nìyẹn.

Bàbá Káńsẹ́lọ̀ ló dá wa lóhùn. Ó ń bọ̀ láàárín èrò, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, àwọn ènìyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá Àbúrò ló dojú kọ. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí i. Bàbá ta gìrì, ó ń fà á sókè: “Ah now, missus, up you get.” Ó wá ròyìn fún wa. Ó ní nígbà tí òun ń polongo láti ilé dé ilé, òun kan ilẹ̀kùn ìyá yìí láìmọ̀ pé ìyá náà ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí òun rí i, òun ti ń yíjú láti lọ, nítorí òun mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń díje. Ìyá náà ní, “You are my number one, sir. My daughter is number two.” Bàbá ní òun rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwé tí òun fúnra òun ti gbàgbé, òun ṣí fìlà lójú ilẹ̀kùn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé tí òun bá dé ní àwọn àdúgbò àtijọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tí kò tíì bá adúláwọ̀ jókòó mu tíì rí, ìtàn náà ni òun ń sọ. Òun á ní, “Bí ìyá tó bí ọmọ yẹn bá lè fún mi ní wáànù rẹ̀, kí ló wá le nínú kí ẹ fún ọmọ náà ní tuu yín?”

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu Bàbá tí wọ́n fi kéde ìkà kejì. Àbúrò ti fò kúrò nísàlẹ̀, ó ti dé àárín. Bí wọ́n ṣe ń yọ àwọn tó kẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ni wọ́n fún ní àga tó gbẹ̀yìn. Ariwo tí a pa! A kọ orin, a jó, a ṣí kúlà, mọ́ínmọ́ín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka ìbò pàápàá. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ni “yoke” rírọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan níbí, ó sì tún bọ̀ wá gba èkejì. Àbúrò wá bá ìyá rẹ̀. Ọmọ tí “howya” ni ìkíni rẹ̀ láti kékeré, ó gbé eékún méjèèjì lélẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, lójú kámẹ́rà, pẹ̀lú ṣòkòtò tuntun. Ó ní, “You're some woman, Mam. Ẹ ṣé.” Àwa tí a dúró tì wọ́n, ojú gbogbo wa ló kún fún omi.

Aládùúgbò mi ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó ní ká ní gbogbo ìjọ wa fún Àbúrò ní wáànù, wọn ì bá gbé e dé àyè kan, ibẹ̀ ni ì bá sì kú sí, nítorí a ò pọ̀ tó. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ló dúró sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mo ti gbà pé ilé ni ẹ̀kọ́ ilé ń gbé. Tí mo bá ń jáde, màá fi ìkúnlẹ̀ mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá mú ìgúnpá dání, kí n lè rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Mo rò pé ohun tí a fi tọ́ wa kò lè yé wọn, pé wọ́n á fi rẹ́rìn-ín ni. Ìyá yẹn kò fi nǹkan kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé e jáde bó ṣe wà, ó nà án sí arúgbó òyìnbó kan lójú ilé rẹ̀, arúgbó náà sì gbé e káàkiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ò lè kan ilẹ̀kùn wọn láé. Wọn ò gbọ́ Yorùbá o, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohun tí ìyá náà wí.