Adìẹ Pupa Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ní abúlé wa nítòsí Fáyúmù, bí ọmọbìnrin bá bímọ, omi ọbẹ̀ adìẹ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ sìn lórí òrùlé ló gbọ́dọ̀ mu. Ìyá ọkọ á yọjú wo ìkòkò kó tó yọjú wo ọmọ. Ìdí nìyí tí ọkàn Badiríyà kò fi balẹ̀. Oyún Ráwíyà ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù, àwọn adìẹ sì ń jẹ bí iná láìsanra. Ogbe orí wọn ti ṣá bí aṣọ àlòkù. Èyí tó rù jù nínú wọn, bí o bá sín sí i lára, á balẹ̀ sí Káírò.

Ó ránṣẹ́ pe Mérífátì, dókítà ẹranko. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sáré gbé adìẹ pupa, èyí tó sanra jù, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń fi ohun tó dára han àlejò, kí wọ́n fi ojú burúkú wò ó pa?

Dókítà fi igi tú ìgbẹ́ adìẹ wò. "Aràn ni, ìyá. Gbogbo wọn ló máa mu oògùn. Ṣé gbogbo wọn rèé?"

"Gbogbo wọn ni, ọmọ mi." Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Dókítà po oògùn mọ́ omi wọn. "Ẹ má pa ìkankan o, ẹ má sì jẹ ẹyin wọn títí n ó fi padà wá."

Ráwíyà ò dúró de dókítà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló bí ọkùnrin. Badiríyà rẹ́rìn-ín sínú, ó gbá adìẹ pupa mọ́ra, ó di ilé ìyá ọkọ Ráwíyà.

"Àlájà Fáúkíyà, ẹ wá wo adìẹ! Oògùn kankan ò kan ẹnu rẹ̀."

"Ìyá Ráwíyà, ẹnu yín mà pọ̀ o. Ẹ là á ká rí i."

Wọ́n pa á, wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ kan ìfun.

Yéè! Aràn ya jáde, funfun, ó ń lọ́ra wọn pọ̀ bíi supagẹ́tì tín-ínrín tí à ń sè mọ́ ìrẹsì. Èyí tó gùn jù nínú wọn tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Badiríyà. Àlájà, pẹ̀lú gbogbo ìsanra rẹ̀, ti wà lórí àpótí ìjókòó.

"Kí lèyí? Ṣé ohun tí abiyamọ fẹ́ jẹ nílé mi rèé?"

"Mo... mo gbé e pamọ́ fún dókítà ni."

"Nítorí ojú?"

"Nítorí ojú."

Ìtìjú mú Àlájà. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wọ yàrá, ó fa adìẹ dúdú kìbìtì kan jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìlẹ̀kẹ̀ búlúù tó ń lé ojú burúkú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mérífátì dé ilé tèmi náà," ló sọ jẹ́jẹ́.

"Háà! Ẹ là á."

"Èmi kọ́! Ẹ̀yin ni ó ti mọ́ lára."

Ráwíyà lọgun láti inú yàrá: "Màámi, ebi ń pa mí o!"

Wọ́n pe dókítà lórí fóònù. Ó ní ẹran yẹn ò ṣe nǹkan, kí wọ́n sin ìfun, kí wọ́n fọ ìyókù, kí wọ́n sè é jinná dáadáa. Èébú tó bá a jáde, n ò ní kọ ọ́ síbí. Wọ́n fi ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti òroǹbó wẹ́wẹ́ fọ adìẹ pupa náà débi pé bó bá wà láàyè, ì bá bẹ̀bẹ̀.

Ráwíyà lá abọ́ náà. "Màámi, n ò jẹ irú adìẹ yìí rí!"

"Jẹun, ọmọ mi," ni Badiríyà wí, kò jẹ́ kí ojú òun àti Àlájà pàdé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àlájà Fáúkíyà fúnra rẹ̀ ló gbé adìẹ dúdú gba àárín ọjà lọ bá dókítà, ní gbangba, láìfi aṣọ bò ó.