Ọkùnrin Mẹ́rìnlá ní Ùlé Òkè

Adégbóyè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ni. Bàbá kan náà kọ́ ló bí wa, ṣùgbọ́n agbo ilé kan náà la ti dàgbà ní Òsí, Ùlé Òkè ni à ń pè é. Adégbóyè kì í ṣe èèyàn ńlá. Kò joyè, kò rìnrìn-àjò lọ síbì kan. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàrí, òun ló sì fi ń bọ́ ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbin iṣu kí ó tó ra ẹ̀rọ náà. Ọdún tí ó rà á ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ọdún 1981 ni. Igi ló wó lù ú lóko. Adéjùmọ̀ lorúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, Màmá wọn kò pe orúkọ náà mọ́. Àwa náà kì í pè é létí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, "ọmọ yẹn" là ń wí.

Ní 1985, ayé sójà, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ọjà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Adégbóyè lọ pe Tíṣà Jonah kí ó wá kà á fún wa.

Tíṣà kà á tán, ó ní, "Wọ́n ní ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti san owó-orí ọdún mẹ́ta."

"Níbo ni wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí náà?"

"Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Ta ni kí n lọ bi?"

"Wọn ò kọ ìyẹn náà."

"Tíṣà, kí ni wọ́n wá kọ?"

"Wọ́n kọ pé wọn ó ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò bá ní in pa ní ìparí oṣù."

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń san owó-orí nílé wa. Bàbá Lábọ̀dé, baálé wa, ló ń gbà á lọ́wọ́ wa, tí ó ń gbé e lọ fún kánsù. Ìwé kan ṣoṣo ni wọn yóò kọ fún gbogbo ilé. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ni wá. Mẹ́rìnlá ni kánsù mọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá ka ilé, bàbá Lábọ̀dé a ní kí àwọn márùn-ún tètè lọ sóko. Owó èèyàn mẹ́rìnlá ni gbogbo wa máa ń pín san, àwọn tó lọ sóko náà ń dá tiwọn. Ó fúyẹ́ lọ́rùn wa bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbo ilé ní Òsí ló ń ṣe é. Mẹ́rìnlá ni, mẹ́rìnlá náà ló ń jẹ́ lọ́dọọdún, ẹnìkan ìbáà dàgbà, ẹnìkan ìbáà kú. Torí bí iye bá yí padà, wọn ó tún wá ka ilé.

Adégbóyè wà nínú àwọn tó ń lọ sóko. Kò rò ó rárá. Ó ń san tirẹ̀, kò jẹ ìjọba ní gbèsè. Ohun tó mọ̀ nìyẹn. Ohun tí èmi náà mọ̀ nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò sọ ibi tí ìwé wà fún un. Pásítọ̀ wa sọ pé Ìlọrin ni. Ẹnìkan ní Òkè-Ọ̀pìn tó ti ṣe akọ̀wé rí sọ pé kò dé Ìlọrin. Dírẹ́bà kan ní òun lè rà á fún un níbì kan, kí ó má bi òun níbo. Adégbóyè ní, "Mo ti san án lẹ́ẹ̀kan, kí ni mo tún ń rà?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ báyìí. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà bàjẹ́, ó ń fẹsẹ̀ rìn.

Oṣù pé. Wọ́n dé pẹ̀lú ṣéènì àti àgádágodo. Ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin wà nínú àwo níbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí wọ́n kó o. Ọjọ́ kẹta, òórùn ẹ̀gẹ́ yẹn gba gbogbo àdúgbò. Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó Adégbóyè, bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀kọ kan fún ọmọ méjì. Àwọn oníbàárà ti ń ru ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí Odò-Ọwà. Bébà pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn sọ pé tó bá di ọjọ́ mẹ́rìnlá sí i, bí kò bá sí ìwé, wọn ó gbé ẹ̀rọ náà lọ tà.

Bàbá Lábọ̀dé ti kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. A ṣí agolo tó ń kó ìwé sí, a rí ìwé ọdún mẹ́ta náà. Inú Adégbóyè dùn. Ó fi ọ̀rá wé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Ó ní kí n bá òun lọ, torí èmi ni mo dàgbà jù tó kù nínú ilé.

Ọmọkùnrin kan ló wà lórí tábìlì ní kánsù. Ó wo ìwé, ó wò wá.

"Ẹ̀yin bàbá, ta ni Ùlé Òkè?"

"Agbo ilé wa ni."

"Ṣé ilé ló ń lọ ẹ̀gẹ́ ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ìwé kan fún èèyàn mẹ́rìnlá! Ṣé ṣòkòtò kan náà lẹ jọ ń wọ̀?"

Adégbóyè ní, "A ti wọ̀ ọ́ rí, ọmọ mi. Ọdún yẹn le." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà dá ìwé padà fún un. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, pé orúkọ èèyàn ni wọ́n ń kọ sí ìwé ẹ̀rí. Ó ní kí a lọ sí Ìlọ́fà, ìwé ńlá tí wọ́n kọ orúkọ sí wà níbẹ̀, kí a béèrè Salamot. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ibì kan pàtó fún wa láti ìgbà tí a ti ń wá a.

A dé Ìlọ́fà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ. Salamot ni akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, obìnrin ilé ọkọ, oyún wà nínú rẹ̀. Ó fún wa ní àga. Ó gbé ìwé ńlá náà sílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo gbọ́ orúkọ tèmi, ìkeje. Ó kà á dé òpin.

"Ẹ ò sí níbẹ̀, bàbá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Ó tún un kà, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Nígbà yìí ni mo gbọ́ ìkọkànlá dáadáa. Adéjùmọ̀ ni. Ó ti wà nínú ilẹ̀, ó sì ń san owó-orí ọdún mẹ́ta náà. Àbúrò rẹ̀ tó wà láyé kò san kọ́bọ̀.

Adégbóyè náà gbọ́ ọ.

Ó bi Salamot bóyá òun lè san án báyìí, gbogbo ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé òun ó ta aṣọ ìyàwó òun.

"Ẹ lè san án. Ṣùgbọ́n wọn ó kọ́kọ́ bi yín níbi tí ẹ wà lọ́dún mẹ́ta. Ẹ ó dé kóòtù. Wọn ó sì wá ka ilé yín, wọn ó bi àwọn yòókù náà."

"Ó tó ọjọ́ mélòó?"

"Ó lè tó oṣù mẹ́ta."

Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Adégbóyè wò mí. Mo wo ilẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù tó ń lọ sóko, ọ̀kan nínú wọn ọmọ mi ni. N kò lè sọ pé kí ó lọ sí kóòtù. N kò lè sọ pé kí ó má lọ.

Salamot tún wo ìwé. Kò mọ nǹkankan, n kò rò pé ó mọ̀. Ó ní, "Adéjùmọ̀ yìí, orúkọ bàbá yín ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà ni? Àwọn èèyàn ń jẹ́ orúkọ méjì, mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, mo lè kọ ìwé ẹ̀rí náà báyìí."

Adégbóyè tẹjú mọ́ ìwé ńlá náà. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi ki gègé bọ inú ìdérí rẹ̀.

"Èmi ni," ni Adégbóyè wí.

Ó tẹ àtàǹpàkò. Wọ́n fún un ní ìwé. A dúró lẹ́bàá ọ̀nà de ọkọ̀, òjò ń pa wá. Ohun kan ṣoṣo ló sọ títí a fi dé Òsí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún Màmá."

Wọ́n ṣí ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin padà. Bọ́sẹ̀dé ra ẹja. Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí wá yẹ ìwé wò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Màmá jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó gbé ìwé lọ́wọ́ wo orúkọ, ó kígbe torí ariwo ẹ̀rọ.

"Adéjùmọ̀!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó dìde. Ọ̀nà oko ló kọjú sí.

"Adéjùmọ̀ dà?"

Adégbóyè pa ẹ̀rọ. Ibẹ̀ dákẹ́. Ó jáde, ẹ̀gẹ́ lílọ̀ bò ó lójú àti nírun.

"Èmi rèé, sà."

Màmá yí padà, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní bíbó, ó wọlé lọ.

Adégbóyè tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ti kánsù, ti Ìlọ́fà, ti oko. N kò mọ èwo nínú rẹ̀ ni Màmá gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè é ní Adégbóyè mọ́. Bí ó bá fẹ́ omi, bí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun síta kí òun yá oòrùn, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló ń pè, orúkọ tí kò pè fún ọdún mẹ́rin. Ó pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní 1988.

Adégbóyè ń dáhùn. Kò jiyàn lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọọdún ó ń lọ san owó rẹ̀, ó ń gba ìwé náà, orúkọ kan náà ló wà lórí rẹ̀.