Nọ́ńbà Lásán Ni Wọ́n Fi Ń Pè É

Màmá mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé gíga. Olùkọ́ ni wọ́n ní Surulere kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í gbàgbé nǹkan. Láàárọ̀, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti gbé oògùn wọn mì. Síbẹ̀, bí mo bá so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, ohun tí mo máa ń rí kì í dùn mọ́ mi nínú. Dókítà á pààrọ̀ oògùn, a óò ra tuntun, tó bá yá, ẹ̀jẹ̀ á tún lọ sókè.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Iṣẹ́ ìwádìí nípa kíndìnrín ni mò ń ṣe ní Ìdí-Àràbà. Orúkọ tó wà lára páálí oògùn Màmá ń yí padà, àmọ́ ibi tí àwọn oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara ò pọ̀. Oògùn gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú nínú ara kó tó lè ṣiṣẹ́, purotéènì ló sì sábà máa ń dì mú. Kì í ṣe purotéènì inú ẹ̀wà àti ẹyin ni mò ń wí. Àwọn tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ni, tí wọ́n ń gbé iyọ̀ kọjá, tí wọ́n ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, díẹ̀ nínú wọn sì ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ bá. Àwọn tó kù wà níbẹ̀ bí ọmọ tí olùkọ́ kì í pè ní kíláàsì.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kù yìí ni mo mú. Kò ní orúkọ gidi, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ń pè é. Nínú àtẹ ńlá kan tó to purotéènì ara èèyàn jọ, mo rí i pé ó pọ̀ gan-an níbi tí kíndìnrín ti ń gba iyọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbòmíràn nínú ara. Mo rò ó pé ohun tó bá pọ̀ tó báyìí nídìí iyọ̀, ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Kí ló ń ṣe gan-an?" Màmá bi mí lọ́jọ́ Àìkú kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"A ò tíì mọ̀, Mà."

"Ta ló wá mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń wò ó."

Màmá gbé awò ojú wọn kúrò. "Oògùn lẹ ń wá, ẹ ò sì fẹ́ wo ibi tẹ́nì kankan ò tíì wò?"

Ohun témi náà ń bi ara mi nìyẹn.

Ká tó lè rí purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, a nílò èròjà tó máa lẹ̀ mọ́ òun nìkan, tí á sì máa tàn. Atọ́ka la máa ń pè é láàárín ara wa. Bó bá jẹ́ purotéènì olókìkí ni, wàá máa ṣa atọ́ka rẹ̀ bí ẹni ń ṣa tòmátì. Tèmi, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lókè òkun ló ń tà á. Nígbà tí a rí i gbà, yìnyín inú páálí rẹ̀ ti yọ́, ó sì ti bàjẹ́. A tún ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Ìyẹn dé ní tútù, inú mi sì dùn.

Àǹtí kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà jù mí lọ. Àwọn ló ní ká kọ́kọ́ dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì tí a ti yọ purotéènì náà kúrò nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ohunkóhun tàn níbẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, gbogbo rẹ̀ ń tàn yòò.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. "Irọ́ ló ń pa," ni wọ́n wí. "Gbogbo nǹkan ló ń lẹ̀ mọ́."

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún wa. Wọ́n ní oníbàárà kankan ò ṣàròyé nípa rẹ̀ rí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ó jọ pé èmi nìkan ni oníbàárà wọn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí wa pè mí sí ọ́fíìsì. A ti bẹ àjọ kan pé kí wọ́n fi owó ràn wá lọ́wọ́ lórí ìwádìí náà, èsì sì ti dé.

"Wọ́n kọ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ó ṣe pàtàkì, torí àwọn èèyàn ò kọ nǹkan nípa rẹ̀."

"Sà, wọn ò kọ nǹkan torí pé wọn ò wò ó. Tí wọn ò bá sì jẹ́ ká wò ó, ta ló máa kọ ọ́?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwọ náà kọ́kọ́ mú èyí táyé mọ̀. Tó o bá ti fìdí múlẹ̀, wàá padà sórí tìẹ." Wọ́n ti lẹ́tà èsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi náà ní irú ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo fi sílẹ̀."

"Ṣé ẹnì kan ti wá wò ó látìgbà yẹn, Sà?"

"Rárá."

Mo fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ilé tí mo háyà ní Yaba. Inú ń bí mi débi pé mi ò fẹ́ jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí ní ká ṣe atọ́ka tiwa. A mú ègé kékeré tó jọ ti purotéènì náà, a gún un lábẹ́rẹ́ sára ehoro méjì, kí ara wọn lè ṣe èròjà tó máa dá a mọ̀. Ooru pa ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára èkejì, a yọ atọ́ka náà nínú rẹ̀. Lára sẹ́ẹ̀lì tí a ti yọ purotéènì kúrò, òkùnkùn biribiri. Lára èyí tó ní i, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan wà létí ibi tí iyọ̀ ń gbà kọjá. Àǹtí dì mọ́ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá wò ó fúnra wọn, wọ́n sì ní kí n máa bá a lọ.

A kọ ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Nígbà tí èsì dé, onímọ̀ tí wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò ní òun ò lè gba atọ́ka tí a fọwọ́ ara wa ṣe gbọ́. Ó béèrè ìdí tí a ò fi lo èyí tó wà lọ́jà.

Mo kọ èsì tó gùn. Àǹtí kà á, wọ́n ní kí n yọ ìbínú inú rẹ̀ kúrò. Mo yọ púpọ̀ níbẹ̀, mi ò yọ gbogbo ẹ̀. A fi àwòrán méjèèjì sí i, ti ọjà àti tiwa, kó fojú ara ẹ̀ rí i. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì dáhùn. Mo ṣì ń lọ fún ehoro tó kù yẹn ní ewé láràárọ̀, ara rẹ̀ nìkan la ti ń rí atọ́ka wa.